Ẹ jẹ́ káwọn ọmọ lo ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń kọ́

Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ praimárì wa ní Kabba, Ìpínlẹ̀ Kogi níbí ló ká mi lára. Tíṣà á kọ sínónímù, ìyẹn àwọn ọ̀rọ̀ tí ìtumọ̀ wọn jọra, sójú bọ́ọ̀dù, wọ́n á dà á kọ, wọ́n á há a sórí de ìdánwò, ó parí, kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n fi ṣe gbólóhùn. Bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ tó jọra kì í ṣe ọ̀kan náà, ẹ wo yára àti kánjú, ọmọ tó yára la máa ń yìn, èyí tó ń kánjú la máa ń bá wí. Ẹ̀yin tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní kí wọ́n fi sọ ìtàn, kí ọmọ Owé, Yàgbà, Ìjùmú, Bùnú tí ẹ̀ka èdè Yorùbá wọn yàtọ̀ náà sọ bí wọ́n ṣe ń pè é nílé, kẹ́ ẹ má sì torí ẹ̀ nà wọ́n.

Òbí kan, Kabba