Lẹ́tà sí Gbénga lórí Kristẹni àti ogun

Òpópónà Arákàlẹ̀,
Àkúrẹ́,
Ìpínlẹ̀ Oǹdó.

Gbénga ọ̀rẹ́ mi,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó àti àwọn ọmọ. Àlàáfíà ni gbogbo wa wà. Ìbéèrè tí o fi parí lẹ́tà rẹ, pé ṣé Kristẹni lè fọwọ́ sí i kí ìjọba rẹ̀ gbé ogun lọ bá orílẹ̀-èdè mìíràn, ni mo fẹ́ dáhùn. Ìwé Reinhold Niebuhr, onímọ̀ ẹ̀kọ́ Ọlọ́run ará Amẹ́ríkà tó kọ́ni fún ọ̀pọ̀ ọdún ní Union Theological Seminary ní New York, ni mo ń kà lọ́wọ́.

Nígbà tí Japan gbógun wọ Manchuria, ilẹ̀ àwọn ará Ṣáínà, ní ọdún 1931, Niebuhr àti àbúrò rẹ̀, H. Richard, tí òun náà jẹ́ onímọ̀ ẹ̀kọ́ Ọlọ́run, fa ọ̀rọ̀ náà mọ́ ara wọn lọ́wọ́ nínú ìwé ìròyìn The Christian Century ní ọdún 1932. Àbúrò ní kí Amẹ́ríkà má dá sí i, nítorí pé ọwọ́ òun náà kò mọ́. Kí ó kọ́kọ́ ronú pìwà dà, kí ó sì dúró de Ọlọ́run. Ẹ̀gbọ́n kò gbà. Lójú tirẹ̀, bí a bá ní ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ nìkan ni yóò gba aláìlágbára sílẹ̀, kò sí ẹni tí yóò gbà á, àti pé láàárín àwọn orílẹ̀-èdè, ìdájọ́ òdodo kì í wáyé bí kò bá sí agbára tí ń ká agbára mìíràn lọ́wọ́ kò. Bí orí ọmọ tuntun bá wọ́ lọ́jà, ta ni yóò kọ́kọ́ yẹ ọwọ́ àgbà wò?

Ẹ̀yìn ẹ̀gbọ́n ni mo wà. Láti ìgbà tí wọ́n ti pa àwọn olùjọsìn ní ìjọ Kátólíìkì ti Francis Mímọ́ ní Ọ̀wọ̀, ní ọjọ́ 5 oṣù kẹfà ọdún 2022, àwọn ọ̀dọ́ ìjọ wa ti ń dúró sẹ́nu géètì, wọ́n ń yẹ báàgì wò, títí kan ti ìyá àgbà tí Bíbélì àti abẹ̀bẹ̀ nìkan wà nínú tirẹ̀, n kò sì tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni pè é ní àìnígbàgbọ́.

Síbẹ̀, Niebuhr kò gbà kí ẹni tó lo agbára máa pe ara rẹ̀ ní olódodo. Òun ló dá ìwé ìròyìn Christianity and Crisis sílẹ̀ ní ọdún 1941, tó ń rọ àwọn Kristẹni Amẹ́ríkà pé kí wọ́n dojú kọ Hitler. Òun náà ló sì wà lára àwọn tó fọwọ́ sí ìwé ìgbìmọ̀ Federal Council of Churches, ẹgbẹ́ àpapọ̀ àwọn ìjọ ní Amẹ́ríkà, ní ọdún 1946, tó dá bọ́ǹbù átọ́mù tí wọ́n jù sí Hiroshima àti Nagasaki lẹ́bi. Nígbà tó darúgbó, ó tako ogun tí Amẹ́ríkà ń jà ní Vietnam.

Ohun tí mo bá a jà lé lórí ni pé ó rọrùn fún olóṣèlú láti mú ìdajì ẹ̀kọ́ yìí, èyí tó ní kí ó lo agbára, kí ó sì fi ìrònúpìwàdà sílẹ̀ fún àwọn oníwàásù. Ìwọ tí o wà ní Ìlú Ọba, níbi tí wọ́n ti ń rán ọmọ ogun lọ sí ilẹ̀ òkèèrè, bá mi fetí sí ohun tí àlùfáà yín ń gbàdúrà fún nígbà tí wọ́n bá ń lọ, kí o sì kọ ọ́ sí mi.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ,
Fẹ́mi