Aya Èwe Rẹ

Àlàáfíà Olúwa fún yín, ẹ̀yin ará mi.

Málákì 2:14 ló gbà mí lọ́kàn ní ọ̀sẹ̀ yìí, níbi tí wòlíì ti sọ pé Olúwa fúnra rẹ̀ ni ẹlẹ́rìí láàrin ọkùnrin àti aya èwe rẹ̀. Ìtàn ìlú Winnipeg tí a ń gbé yìí ni mo fẹ́ fi bá yín sọ ọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń gba afárá Provencher lọ sí Saint-Boniface, ẹ ó ti rí ilé onígi funfun kan tó ti di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Àwọn obìnrin ajẹ́jẹ̀ẹ́ ìjọ Àgùdà ló ni ín nígbà kan. Ọ̀dọ̀ wọn ni obìnrin kan tó jẹ́ ara Cree, ẹ̀yà ọmọ ìbílẹ̀ Kánádà, Miyo Nipiy, tí àwọn òyìnbó ń pè ní Susanne, kú sí lọ́dún 1862.

Ọ̀dọ́langba ni William Connolly, akọ̀wé ilé-iṣẹ́ òwò awọ ẹranko, nígbà tó fẹ́ ẹ lọ́dún 1803. Ó tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, ó san ohun tí àṣà Cree ní kó san, ọmọ náà sì gbà. Kò sí àlùfáà nítòsí, kò sí kọ́ọ̀tù. Ọdún 28 ni wọ́n fi gbé pọ̀, wọ́n bí ọmọ mẹ́fà. “Ìyàwó mi” ni Connolly ń pè é níwájú ẹni gbogbo.

Ẹ má rò pé jíjókòó sílé lásán ni iṣẹ́ irú àwọn obìnrin bẹ́ẹ̀. Àwọn ló ń hun bàtà tí wọ́n fi ń rìn lórí yìnyín. Àwọn ló ń gún ẹran gbígbẹ mọ́ ọ̀rá, oúnjẹ tí kì í bàjẹ́ lọ́nà àjò. Àwọn ni ògbufọ̀, àwọn ìbátan wọn sì ni oníbàárà òwò náà. Òyìnbó tí kò ní irú wọn, ebi àti òtútù ló máa pa á.

Lọ́dún 1831, Connolly kó ẹbí rẹ̀ lọ sí ìhà Montreal. Nígbà tó di 1832, ó ní ìgbéyàwó àwọn Cree kì í ṣe ìgbéyàwó, ó fẹ́ ìbátan rẹ̀, Julia Woolrich, ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ìjọ Ọlọ́run ló so wọ́n pọ̀! Ibi tó dùn mí jù nìyẹn. Òun nìkan kọ́ ló ṣe é: George Simpson, gómìnà Hudson's Bay Company, ilé-iṣẹ́ òwò awọ ńlá, ti fi Margaret Taylor, ìyàwó tó fẹ́ ní ìlànà ìbílẹ̀, sílẹ̀ ṣáájú, ó fẹ́ ìyàwó òyìnbó ní London lọ́dún 1830.

Bẹ́ẹ̀ ọmọ Susanne, Amelia, fẹ́ James Douglas, akọ̀wé òwò awọ, ní ìlànà ìbílẹ̀ kan náà lọ́dún 1828. Ọmọ obìnrin aláwọ̀ dúdú ni Douglas, bàbá rẹ̀ sì ní ìyàwó mìíràn ní Scotland. Ó di gómìnà British Columbia, wọ́n fi oyè dá a lọ́lá, Amelia sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ títí ọlọ́jọ́ fi dé bá a ní 1877. Ó ṣeé ṣe, ẹ̀yin ará.

Lẹ́yìn ikú Susanne ni ọmọ rẹ̀ John pe Julia lẹ́jọ́ lórí ìpín tó yẹ kó kan ìyá rẹ̀ nínú ohun ìní Connolly. Lọ́dún 1867, Adájọ́ Monk dá a láre: ìgbéyàwó Cree yẹn, ìgbéyàwó gidi ni. Kọ́ọ̀tù kò-tẹ́-mi-lọ́rùn fọwọ́ sí i ní 1869. Ọdún 1869 yẹn kan náà ni ìjọba Kánádà ṣòfin pé obìnrin ìbílẹ̀ tó bá fẹ́ ẹni tí kì í ṣe ọmọ ìbílẹ̀, òfin kò ní kà á sí ọmọ ìbílẹ̀ mọ́. Ó di 1985 kí wọ́n tó yí i padà.

Ẹ̀yin ọkùnrin ìjọ yìí, ẹ gbọ́ mi. Ẹ dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ níwájú àna, ẹ gbé igbá ìyàwó kalẹ̀, wọ́n fi oyin àti obì ṣàdúrà fún yín. Ẹ wá dé ibí, ẹ kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù pé ẹ kò tíì gbéyàwó, nítorí pé ẹ kò lọ sí kọ́ọ̀tù. Àwọn kan ti ń wá ọjọ́ ìgbéyàwó pẹ̀lú ẹlòmíràn torí ìwé ìgbélùú.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí bá kàn, kó wá bá mi lẹ́yìn ìsìn lọ́jọ́ Àìkú. N kò ní tú àṣírí rẹ̀. Ṣùgbọ́n a ó jọ pe ìyàwó rẹ̀ tó wà nílé lórí fóònù, yóò sì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ òtítọ́ fún un. Títí dìgbà náà, n kò ní so ó pọ̀ mọ́ obìnrin kankan níwájú pẹpẹ yìí.