Màámi, òdòdó abẹ́ igi mi ti tanná

Màámi mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé, ẹ kú òjò. Ó dá mi lójú pé ọ̀nà oko Ìdànrè yẹn ti ń yọ̀ báyìí. Ara gbogbo wa le, àwọn ọmọ ń kí yín.

Ẹ fi mí rẹ́rìn-ín lórí fóònù pé òdòdó tí a kì í jẹ, tí a kì í tà, ni mo ń bá ṣe wàhálà. Bẹ́ẹ̀ ẹ̀yin gan-an ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ máa yé jù.

Trillium ni wọ́n ń pè é. Òun ni òdòdó ìpínlẹ̀ Ontario ní Kánádà níbí yìí láti ọdún 1937. Ewé mẹ́ta péré ló ń yọ, òdòdó funfun á jókòó sórí wọn, òun náà pín sí mẹ́ta. Bó bá ń gbó lọ, funfun yẹn á di pupa fẹ́ẹ́rẹ́. Inú oṣù karùn-ún ló ń tanná, nígbà tí àwọn igi ńlá kò tíì ruwé dáadáa, tí oòrùn ṣì ń ráyè kan ilẹ̀. Tí ewé bá ti padé lókè, ó ti jẹun yó. Kí àsìkò ooru tó parí, á rọ, á wọlẹ̀ lọ, àlejò á ní ó ti kú. Mo ri igi mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má fi ọkọ́ kàn án.

Ajílẹ̀ kọ́ ló ń wá. Ewé igi tó ti jẹrà ni mo ń kó lé e lórí, ilẹ̀ rẹ̀ á tutù, ṣùgbọ́n omi kò gbọdọ̀ dárogún síbẹ̀. Èèwọ̀ rẹ̀ ni kí a já a. Ewé mẹ́ta yẹn náà ló fi ń wá oúnjẹ ọdún. Ẹni tó bá já wọn mọ́ òdòdó ti fi ebi pa á, ó sì lè kú. Ọmọ-ọmọ yín fẹ́ já ọ̀kan fún tíṣà rẹ̀, ariwo tí mo pa, aládùúgbò yọjú!

Tí a bá gbin èso rẹ̀, ó lè tó ọdún méje tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó tanná. Nínú igbó, èèrà ló ń bá a gbin ín: ohun ọlọ́ràá kan wà lára èso náà, èèrà á gbé e lọ sílé, á jẹ ọ̀rá, á da èso nù, ibẹ̀ ló ti máa hù. Nítorí pé ó ń pẹ́, àwọn kan ń lọ hú u nínú igbó wá tà. Èmi kò ra irú ìyẹn. Ọ̀dọ̀ ẹni tó fi èso gbin ín ni mo ti rà á. Ẹ má bèèrè iye.

Ẹ wo ewé eéran abẹ́ kòkó yín, èyí tí ẹ fi ń pọ́n mọ́ínmọ́ín. Abẹ́ ibòji lòun náà ń gbé. Àwa ọmọdé á máa wá èso rẹ̀ pupa onígun mẹ́ta nílẹ̀, ká lá a títí, adùn rẹ̀ kò ní tán lẹ́nu. Ẹ kì í sì í jẹ́ ká gé ewé ojú kan tán. Káyọ̀dé sọ fún mi pé òun fẹ́ ta igi àfàrà tó ṣíji bo ibẹ̀ fún àwọn tó ń la pákó. Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá a dúró. Tó bá jẹ́ owó ló ń wá, kó pè mí. Tí oòrùn bá jó ibẹ̀, Ọjà Ọba lẹ ó ti máa ra ewé.

Ẹ bá mi kí Bàámi àti gbogbo ará ilé.

Èmi ni ọmọ yín,
Fúnmiláyọ̀