Ẹ má béèrè orúkọ ṣọ́ọ̀bù bí ẹ bá ń fẹ́ òótọ́

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń fi orúkọ wọn fún àwa èèyàn láti fi ṣòwò, tí wọ́n ń pè ní franchise, ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀. A ó san owó kí wọ́n tó fún wa ní orúkọ, a ó kun ṣọ́ọ̀bù ní ọ̀dà wọn, ọjà wọn nìkan la ó máa tà, oṣooṣù la ó sì máa yọ lára ohun tó wọlé fún wọn. Ọ̀kan lèmi náà ní ní Ìjẹ̀bú-Òde: adìyẹ díndín, ráìsì àti mítípáì.

Ọdọọdún ni olú ilé-iṣẹ́ ń fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́ sórí fóònù wa pé kí a sọ bí nǹkan ṣe rí. Orúkọ ṣọ́ọ̀bù ni ìbéèrè àkọ́kọ́, nọ́ńbà fóònù ló tẹ̀ lé e. Ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n tó ní kí a fi máàkì, láti oókan dé àrún, sọ bóyá ọjà ń dé lásìkò. Ọwọ́ ta ni fọ́ọ̀mù náà ń padà sí? Ọwọ́ mánéjà àgbègbè, ẹni tó ń pinnu ibi tí mọ́tò yóò ti kọ́kọ́ já adìyẹ. Ẹ̀gbọ́n mi kan ní Ṣágámù tí fíríísà rẹ̀ ṣófo kọ àrún, ó ní òun ò fẹ́ kí wọ́n fo òun lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Mi ò dá a lẹ́bi. Ó lọ́mọ nílé ìwé.

Ẹni tó bá mọ Ìjẹ̀bú-Òde mọ bí ìlú ṣe ń rí lọ́jọ́ Ojúde Ọba, ọjọ́ kẹta Iléyá. Rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn tí ọjọ́ orí wọn sún mọ́ra, á ti wọṣọ, ìdílé àwọn balógun á ti gun ẹṣin, àlejò á kún ìgboro. Ọjà ọjọ́ kan yẹn kì í ṣe kékeré. A ti béèrè adìyẹ sílẹ̀, ọ̀sán ọjọ́ náà ni mọ́tò tó dé, wọ́n sì ti dí títì, kò rí ọ̀nà wọlé. Àwọn ọmọ tó ń dúró ní káńtà mi ń bẹ oníbàárà pé mítípáì nìkan ló kù. Nínú fọ́ọ̀mù wọn, kò síbi tí mo lè kọ èyí sí.

Ẹ fa iṣẹ́ fọ́ọ̀mù yìí lé ẹni tí kò ní ọwọ́ nínú pínpín ọjà lọ́wọ́. Ẹ yọ orúkọ kúrò, ṣùgbọ́n ìyẹn nìkan ò tó o. Níbi tó bá jẹ́ pé ẹyọ ṣọ́ọ̀bù kan ló wà nílùú, bí ẹ bá ti béèrè ìlú àti ọdún tí a bẹ̀rẹ̀, ẹ ti mọ ẹni tó sọ̀rọ̀. Ẹ da Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ pọ̀, bí kò bá sì pé ṣọ́ọ̀bù márùn-ún, ẹ fi Ẹ̀gbá kún un. Ẹ yé béèrè bóyá inú wa dùn. Ẹ bi wá pé ẹ̀ẹ̀melòó ni ọjà pẹ́ lóṣù tó kọjá, àti pé bí àbúrò wa bá fẹ́ wọ irú òwò yìí, ṣé a ó ní kó wọ̀ ọ́.

Ẹ bi àwọn tó ti kúrò náà. Ní Amẹ́ríkà, òfin ìjọba àpapọ̀ ní kí ilé-iṣẹ́ fún ẹni tó fẹ́ fi orúkọ wọn ṣòwò ní ìwé tó ṣàlàyé òwò náà, ó kéré tán ọjọ́ 14 kó tó fọwọ́ sí àdéhùn tàbí kó tó sanwó. Nọ́ńbà àwọn tó wà nídìí òwò náà wà nínú ìwé yẹn, títí kan ti àwọn tó fi í sílẹ̀ lọ́dún ìṣòwò tó kọjá. Kò sẹ́ni tó ní kí ilé-iṣẹ́ tiwa dúró de òfin kí wọ́n tó ṣe é.

Kí wọ́n sì fi èsì náà hàn wá, pẹ̀lú ibi tó ti burú.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbé orúkọ mi jáde, ọ̀dọ̀ wọn ni ọjà mi ṣì ti ń wá.

Oníṣòwò kan,
Ìjẹ̀bú-Òde.