Ìwé Ẹ̀bẹ̀ Ẹgbẹ́ Alábàárù sí Alága Káńsù, lórí Kónílé-Ó-Gbélé

Alága wa ọ̀wọ́n àtẹ̀yin káńsẹ́lọ̀,

Ẹ kú iṣẹ́ ìlú, ẹ kú làálàá kòrónà yìí. Àwa alábàárù ló ń kọ̀wé, àwa tó jẹ́ pé tá ò bá rẹrù lọ́jọ́ kan péré, ìlú yìí ò ní jẹun, ẹ̀yin náà kúkú mọ̀.

Ọ̀rọ̀ òru Ọjọ́rú tó kọjá la bá wá. Ẹ ní kónílé ó gbélé, ó dáa, a ò bá yín jiyàn, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wa ò nílé, ẹ̀gbẹ́ ọmọlánke là ń sùn, ibẹ̀ làwọn ẹ̀ṣọ́ yín ká wa mọ́, wọ́n fa àgọ́ ya, wọ́n kó òṣùká, búláńkẹ́ẹ̀tì, káàdì ìdánimọ̀, títí kan oògùn àwọn àgbà, sínú ọkọ̀ ìdọ̀tí, wọ́n wá tún bu owó ìtanràn lé wa pé a ò gbélé. Ilé wo, ẹ̀yin bàbá wa? Ẹ má bínú o, ọ̀rọ̀ ló ń dunni.

Akọ̀wé wa (ó fẹ́ràn ìwé ju ẹrù lọ) ní láti 1997 ni ìgbìmọ̀ àjọ UN kan tó ń rí sẹ́tọ̀ọ́ ọmọnìyàn ti sọ pé kí wọ́n má ṣe lé èèyàn níbi tó ń gbé lóru àfi tó bá gbà, pé kí wọ́n fún un ní nọ́tíìsì tó tó, kó má sì tìtorí ẹ̀ di aláìnílé. Ní 2020 yìí, CDC, àjọ tó ń gbógun ti àrùn ní Amẹ́ríkà, ní tí ò bá sí yàrá tí kálukú á dá wà, kí wọ́n fi àgọ́ sílẹ̀, torí táwọn èèyàn bá fọ́n ká, àrùn náà á fọ́n ká. Ní March, ìjọba England ní káwọn káńsù, káńsù bíi tiyín náà o, kó àwọn tó ń sùn níta wọlé, òtẹ́ẹ̀lì sì lọ̀pọ̀ wọn wọ̀. Àwa ò bèèrè òtẹ́ẹ̀lì.

Ẹ bá wa dá ẹrù wa padà, káàdì ni kẹ́ ẹ fi ṣáájú, ẹ fagi lé owó ìtanràn yẹn, kẹ́ ẹ wá wáyè fún wa tàbí kẹ́ ẹ fi wá síbi tá a wà pẹ̀lú omi àti ọṣẹ. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tẹ́ ẹ tì náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣí i.

Ìpàdé wa di Ọjọ́ Ajé. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ti ń pariwo pé káwọn sọ òṣùká kalẹ̀, àwa olóyè la ṣì ń dì wọ́n mú o.

Àwa ni tiyín nítòótọ́,
Alága, Akọ̀wé àti Akápò Ẹgbẹ́