Lẹ́tà sí Àyìnkẹ́

Òṣogbo,
Ọjọ́ Àìkú, 27 oṣù Keje

Àyìnkẹ́ mi, ọkọ mi obìnrin,

Mo gbọ́ pé ooru ti mú ní Jámánì. Ìwọ tó o máa ń sá fún oòrùn ọjà Ìgbọ̀nà, pẹ̀lẹ́ o.

Mi ò fẹ́ kó o gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíì: èmi àti Bọ̀dá rẹ ti parí ọ̀rọ̀ ìkọ̀sílẹ̀ wa ní kóòtù ìbílẹ̀ lọ́jọ́bọ̀. Nígbà tá a kọ́kọ́ débẹ̀, Alága wo ojú wa, ó ní ká lọ jókòó ti ara wa nílé, ohun tá a bá fẹnu kò lé lórí ni ká mú wá. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta la fi fà á. ₦30,000 lóṣù fún oúnjẹ Ẹniọlá, akọ̀wé kóòtù ni yóò máa bá mi gbà á. Bọ̀dá rẹ fúnra rẹ̀ ni yóò máa san owó ilé ìwé. Ọ̀dọ̀ mi lọmọ ń gbé, á máa lọ sọ́dọ̀ bàbá rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì.

Mo ní kí wọ́n kọ ọ́ sí i pé irun tí mo bá dì fún un kò gbọdọ̀ tú kó tó padà dé. Akọ̀wé gbé bírò dúró, ó ń wo Alága. Alága ní, "Ìyá Ẹniọlá, kóòtù ò lè rán ọlọ́pàá lọ ṣọ́ ṣùkú." Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Bọ̀dá rẹ náà rín ẹ̀rín tó máa ń rín nígbà tá a wà ní Òkè-Fíà. Mo bá gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Wọ́n kà á sí wa létí ní ìlà-ìlà: ṣé bẹ́ẹ̀ ni, ṣé ẹnikẹ́ni ò fipá mú yín? A fọwọ́ sí i, wọ́n lu òǹtẹ̀. Lọ́yà kan níjọ wa ní bí kóòtù bá ti gba irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ wọlé, ó ti di ìdájọ́ nìyẹn, kò sì rọrùn láti gbé ohun tá a fẹnu ara wa gbà lọ sí kóòtù kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Ti ọmọ nìkan ni wọn kì í ti ilẹ̀kùn rẹ̀ pa. Bí nǹkan bá yí padà, a lè padà lọ, torí ire ọmọ ni òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti 2003 fi ṣáájú. O rántí ariwo tó o pa pé ká lọ ṣe ìgbéyàwó ní régísìrì? Ká ní a gbọ́ tìẹ ni, ilé ẹjọ́ gíga là bá bára wa, owó lọ́yà ì bá sì ti gbé ṣọ́ọ̀bù mi lọ.

Ìyá Ìbejì tún ti bí ìbejì. Ọláìyá ò ṣe é kọjá nírọ̀lẹ́ mọ́, ọdún Ọ̀ṣun sì tún ń bọ̀. Ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ ṣì ń ṣiṣẹ́.

Ibi tí mò ń lọ nìyí. Ọlidé yìí, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta jẹ́ ti Bọ̀dá rẹ, Ìkìrun lọ́dọ̀ Màmá yín ló sì fẹ́ mú ọmọ lọ. Lánàá, mo ń ṣa ẹ̀wà, Ẹniọlá ní, "Mọ́mì, ṣé lóòótọ́ ni pé yúnífọ́ọ̀mù Ìkìrun, aláwọ̀ ewé ni?" Ọwọ́ mi dúró sínú àwo. Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún un? Ó ní Màmá Àgbà ni, lórí fóònù.

Èmi fọwọ́ síwèé, Bọ̀dá rẹ fọwọ́ síwèé. Màmá ò fọwọ́ sí nǹkan kan. O sì mọ bí Bọ̀dá rẹ ṣe máa ń rí níwájú Màmá. Mi ò lè mú ìwé kóòtù lọ bá obìnrin tó wẹ ọmọ mi fún ogójì ọjọ́.

Jọ̀ọ́, pè é kó tó di ọjọ́ Ẹtì. Má sọ pé mo sọ fún ọ o. Bẹ̀rẹ̀ látorí ẹsẹ̀ tó ń dùn ún. Tó bá ti rojọ́ ẹsẹ̀ tán, wá bi í bíi pé o ń ṣeré, pé ọjọ́ wo ni Ẹniọlá ń padà. Jẹ́ kó fẹnu ara rẹ̀ dá ọjọ́ náà. Ọjọ́ 23 oṣù Kẹjọ ló wà nínú ìwé.

Ṣùkú ni mo máa dì fún un. Kì í ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ kó tó tú.

Ìyàwó yín àná, ọ̀rẹ́ rẹ síbẹ̀,
Ìyá Ẹniọlá