Èdè Bọ́mà àti èdè Rọ́ṣíà: ìṣòro wọn kò dọ́gba fún Yorùbá

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹni tó bá ń wá èdè tuntun láti kọ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì yóò rí i pé ìsọ̀rí kan náà ni wọ́n kó èdè Bọ́mà (èdè orílẹ̀-èdè Myanmar) àti èdè Rọ́ṣíà sí. Foreign Service Institute, ilé-ẹ̀kọ́ tí ìjọba Amẹ́ríkà ti ń kọ́ àwọn aṣojú rẹ̀ lédè, ya ọ̀sẹ̀ 44, nǹkan bíi wákàtí 1,100, sọ́tọ̀ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. A ò bá wọn jiyàn, àmọ́ ẹni tó fi Gẹ̀ẹ́sì dàgbà ni wọ́n ṣe ìṣirò yẹn fún. Bó bá jẹ́ Yorùbá lẹ fi dàgbà, gírámà Bọ́mà yóò yá yín ju ti Rọ́ṣíà lọ fíìfíì. Ìwé kíkà ló wá yàtọ̀: níbẹ̀, Rọ́ṣíà ló rọrùn. Níparí, a ó sọ bó ṣe yẹ kí ẹ máa kọ orúkọ àwọn èèyàn wọn.

Ẹ jẹ́ ká wo “mú wá.” Lédè Bọ́mà, yu ni “mú”, la ni “wá”, yu la sì ni “mú wá.” Thwa ni “lọ”, nítorí náà yu thwa ni “mú lọ.” Kò sí ohun tí a fẹ́ ṣàlàyé fún ọmọ Yorùbá níbẹ̀. Rọ́ṣíà kọ́kọ́ fẹ́ mọ bí nǹkan ọ̀hún ṣe dé. Bó bá jẹ́ pé ẹ fi ẹsẹ̀ rìn, tí ẹ gbé e lọ́wọ́ wá, prinesti ni. Bí ọkọ̀ lẹ fi gbé e, privezti. Bó bá jẹ́ èèyàn lẹ mú dání wá, privesti. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn tún ní ẹnì kejì: prinosit’, privozit’ àti privodit’, tó wà fún ohun tí à ń ṣe lemọ́lemọ́ tàbí tí kò tíì parí, àwọn mẹ́ta àkọ́kọ́ wà fún ohun tí a ṣe parí lẹ́ẹ̀kan. Ọ̀rọ̀ ìṣe mẹ́fà nìyẹn. Tó bá wá di ohun tó ti kọjá, ọkùnrin prinyos, obìnrin prinesla, àwọn èèyàn prinesli. Ẹni tó bá há ẹyọ kan sórí pé “mú wá” nìyí, yóò ṣi márùn-ún yòókù sọ. Méjì-méjì ni ká máa kọ́ wọn, pẹ̀lú gbólóhùn kọ̀ọ̀kan.

Ọ̀rọ̀ ìṣe Bọ́mà kì í yí padà. Thu htamin sa-de: ó jẹ ìrẹsì. Thu yẹn, tọkùnrin tobìnrin ni, bíi “ó” tiwa. Ẹ yọ de, ẹ fi me sí i, ó di “yóò jẹ”, sa-bi ni “ó ti jẹ.” Ohun tó ń dà wá láàmú ni ètò gbólóhùn, torí ìparí ni ọ̀rọ̀ ìṣe máa ń wà, àbọ̀ sì máa ń ṣáájú rẹ̀. Ìkejì ni àyísódì, tó máa ń há ọ̀rọ̀ ìṣe sáàárín: ma-sa-bu, “kò jẹ.” Àwọn tiwa máa ń sọ ma, wọ́n á gbàgbé bu, ẹni tó ń gbọ́ á sì máa retí ìyókù, torí ó lè jẹ́ ma-sa-ne, “má jẹ ẹ́”, ni wọ́n fẹ́ sọ. Ma náà jọ “má” wa lóòótọ́, àmọ́ wọn ò tan.

Ohùn ló kàn. စ ni “bẹ̀rẹ̀”, စာ ni “ìwé”, စား ni “jẹ”, စပ် ni “ta lẹ́nu bí ata.” Sa ni gbogbo wọn. Etí wa mọ irú èyí dáadáa, ìdí sì nìyẹn tí a fi máa ń ṣì í, nítorí dò-re-mí la fẹ́ fi pè é. Ti àkọ́kọ́, ọ̀fun là ń fún pọ̀. Ó kúrú, ó sì ń já wálẹ̀. Ìkejì wà nísàlẹ̀, ó rọ̀. Ìkẹta ròkè, ó gùn, èémí sì lè bá a jáde. Ìkẹrin gé lójijì lọ́nà ọ̀fun. Ẹni tó bá fi ohùn òkè Yorùbá pe “bẹ̀rẹ̀” láìfún ọ̀fun, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ “jẹ” ni wọn yóò gbọ́. Ohun tó dùn mọ́ wa ni pé àmì ohùn wà lára bí wọ́n ṣe ń kọ ọ̀rọ̀. Ẹni tó bá yọ róbótó méjì tó wà lẹ́yìn စား kúrò ti ṣi ọ̀rọ̀ kọ, kò sí àwáwí pé àyè kò tó lójú ìwé. Ẹ̀yin olóòtú mọ ìdí tí a fi mẹ́nu bà á.

Sílébù Bọ́mà kì í parí sórí kọ́ńsónáǹtì líle tí a pè jáde. Bí kò bá parí sórí fáwẹ̀lì, àránmúpè ni, bíi “in” tiwa, tàbí kó gé lọ́fun. Èémí ni kẹ́ ẹ ṣọ́: kyauk ni òkúta, chauk ni ẹẹ́fà, èémí tó tú jáde nínú ìkejì nìkan ló yà wọ́n. Na ni “dunni”, hna ni imú. Ti ìkejì, èémí ti gba imú jáde kí ohùn tó dé. Ní ti Rọ́ṣíà, a máa ń fẹ́ ki fáwẹ̀lì bọ àárín ọ̀rọ̀ bíi vzglyad, bí a ṣe sọ bread di búrẹ́dì. Sílébù tí a tẹnu mọ́, tí a fi àmì sí níbí, ló ń ya ọ̀rọ̀ sọ́tọ̀: múka ni ìyà, muká ni ìyẹ̀fun, bẹ́ẹ̀ ni ìwé ìròyìn wọn kì í fi àmì sí i. Ẹ má ṣe fi ohùn òkè pè é. Ẹ fa fáwẹ̀lì yẹn gùn, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí àwọn yòókù rọ. Moloko, “wàrà”, bíi malakó ló ń dún.

Ipò mẹ́fà tí ọ̀rọ̀ orúkọ Rọ́ṣíà ní (case lédè Gẹ̀ẹ́sì: ìparí ọ̀rọ̀ máa ń yí padà bí iṣẹ́ rẹ̀ nínú gbólóhùn bá yí padà) ló ń jẹ wákàtí jù. Sobaka ukusila Ivana: ajá bu Ivan jẹ. Ẹ yí i sí Ivana ukusila sobaka, Ivan náà lajá ṣì bù jẹ, nítorí ìparí ọ̀rọ̀ ló ń sọ ẹni tó ṣe é, kì í ṣe ibi tó wà. Àwa tí a fi ibi tí ọ̀rọ̀ wà nínú gbólóhùn mọ olùwà, ìdàkejì la máa ń gbọ́. Kíka iye nǹkan náà ń kó bá a: odna sobaka (ajá kan), dve sobaki (méjì), pyat’ sobak (márùn-ún), tó bá sì di 21, ó tún padà sí sobaka. Abájọ tí àwọn yunifásítì wọn fi sábà máa ń fi akẹ́kọ̀ọ́ àjèjì sí podfak, ẹ̀ka ìmúrasílẹ̀, fún ọdún kan kó tó wọ kíláàsì. Ọ̀rọ̀ orúkọ Bọ́mà kì í yí ìparí padà báyìí, àmọ́ ó ní ọ̀rọ̀ tí a fi ń ka nǹkan: khwe hnit kaung, ajá méjì, lu thon yauk, èèyàn mẹ́ta, pa ni ti àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ ẹ̀sìn Búdà. Bí ẹ bá fi kaung ka èèyàn, ẹ ti bú u nìyẹn.

Ìwé kíkà wàyí. Lẹ́tà 33 ni Rọ́ṣíà ní lápapọ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì tó o, bí ẹ bá ti gbà pé В ni v, Н ni n, Р ni r, С sì ni s. Kọ́ńsónáǹtì nìkan ni 33 ti Bọ́mà. Fáwẹ̀lì máa ń wà lókè, nísàlẹ̀, níwájú tàbí lẹ́yìn rẹ̀, wọn kì í sì í fi àyè sáàárín ọ̀rọ̀. Èdè ìwé tún yàtọ̀ sí tẹnu: te (tàbí de) tí a fi ń sọ̀rọ̀ di thi nínú ìwé ìròyìn, me di myi. Ẹni tó gbọ́ ọ dáadáa lọ́jà lè má mọ ohun tí ìwé ìròyìn ń wí. Lórí fóònù, ìwé tí wọ́n fi Zawgyi, ọ̀nà àtijọ́ tí wọ́n fi ń tẹ Bọ́mà, tẹ̀ kí ìjọba tó kéde Unicode, ọ̀nà tí gbogbo àgbáyé ń lò, ní October 1, 2019 máa ń dàrú. Nínú Unicode, kọ́ńsónáǹtì ni kí ẹ kọ́kọ́ tẹ̀ kí ẹ tó tẹ ေ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé iwájú ló máa ń hàn sí. R tó wà nínú bí wọ́n ṣe ń kọ orúkọ orílẹ̀-èdè náà, y ni wọ́n ń pè é; r tó parí “Myanmar”, Gẹ̀ẹ́sì ló fi í síbẹ̀. Agbègbè Rakhine, níbi tí àwọn bàbá wa nínú Ẹ̀ka Ọmọ Ogun 81 ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ti jà ní àfonífojì Kaladan ní 1944, ni wọ́n ti ṣì ń pe r gẹ́gẹ́ bí r.

Orúkọ àwọn èèyàn ló mú wa kọ̀wé sí yín gan-an. U tó wà nínú U Thant, akọ̀wé àgbà Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé láti 1961 sí 1971, ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀ fún àgbà ọkùnrin ni. Thant nìkan ni orúkọ rẹ̀. Daw ni ti obìnrin. Wọn kì í jẹ́ orúkọ ìdílé, nítorí náà Aung San Suu Kyi, obìnrin olóṣèlú ará Bọ́mà, kì í ṣe “Ìyáàfin Kyi.” Ti Rọ́ṣíà, mẹ́ta ni: Valentina Vladimirovna Tereshkova, obìnrin àkọ́kọ́ tó dé òfurufú ní 1963. Vladimirovna ń sọ pé Vladimir ni bàbá rẹ̀, kì í ṣe orúkọ tirẹ̀. Bí àyè bá há lórí àkọlé, ẹ lè kọ Tereshkova nìkan. Aung San Suu Kyi, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni kí ẹ kọ.

Àwa olùkọ́ èdè àjèjì,
Ìbàdàn.